Sọ̀ Kalẹ̀ Kó O Tó Kí Wọn: Ọjọ́ Àìkú Kan Lórí Kẹ̀kẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọmọ kíláàsì mi kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mò ń kọ́ wọn nípa Èkó àtijọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti kọ orúkọ àdúgbò bíi mẹ́jọ sójú pátákó, ni ọmọ náà bá nawọ́. "Ànǹtí, Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Ìdúngànràn. Kí ló dé tí gbogbo wọn fi ní Ìdú níwájú?" Mo wo pátákó, mo tún wo ọmọ náà. Ọdún 14 ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì wá sí mi lọ́kàn rí. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wádìí ẹ̀ wá. Ojú tì mí dé ilé.

Èbúté Mẹ́ta ni mò ń gbé. Tí mo bá wọ dáńfó ní Òyìngbò láàárọ̀ tí ọ̀nà bá dá, kò ní pẹ́ rárá tí màá fi dé Ìdúmọ̀tà. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra aṣọ ọdún, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ra ìwé àti bírò fún iléèwé wa. Mo mọ iye owó ọkọ̀, mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í ti í fi aṣọ mìíràn pààrọ̀ èyí téèyàn yàn, mo mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti di báàgì rẹ̀ mú dáadáa. Mo rò pé mo mọ Èkó nìyẹn.

Tíṣà kan níléèwé wa ló sọ fún mi pé àbúrò bàbá òun wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi kẹ̀kẹ́ ológeere pín lẹ́tà káàkiri erékùṣù fún ọdún 21. Ó ní bí mo bá lè gun kẹ̀kẹ́, bàbá náà á mú mi yíká, ṣùgbọ́n kò ní fi ẹsẹ̀ rìn, kò sì ní wọ ọkọ̀. Mo lè gun kẹ̀kẹ́. Bàbá mi ló kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré, nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọkùnrin tó ti lọ sí yunifásítì ṣì wà lẹ́yìnkùlé, eruku ti bò ó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ó pààrọ̀ túbù iwájú, ó fi epo sí ṣéènì, ó fún bíréékì le, ó ní ó ti yá.

Bàbá náà bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Àlàájì, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀ níbí. Ó ní, "Tíṣà, ọjọ́ Àìkú ni o. Aago méje àárọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ẹ lórí afárá." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, bí èèyàn ṣe máa gbé ẹsẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà gan-an ìṣòro ni, áńbọ̀ǹtórí táyà méjì. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìgboro máa ń dákẹ́ tí èèyàn fi lè rí ojú ilé. Ọ̀kadà náà ò sí ní Lagos Island mọ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2022 tí ìjọba ti lé wọn, ìyẹn sì ti mú kí ọkàn ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ balẹ̀ díẹ̀.

Mo jáde nílé ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀. Afárá Carter ni mo gbà. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbé kẹ̀kẹ́ dé orí Third Mainland. Afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, tí àwọn ọkọ̀ ń sáré àsápajúdé lórí ẹ̀, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Carter kúrú ní tiẹ̀. Ọdún 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe afárá síbẹ̀, wọ́n sì ti tún un kọ́ lẹ́yìn náà. Láti 1902 títí dé 1933, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan máa ń gba orí ẹ̀ láti Ìdó wọ inú erékùṣù. Èyí ni mo ń rò bí mo ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ gun òkè afárá náà tí èémí mi ń lọ sókè sódò. Tí èèyàn bá wà nínú dáńfó, kò ní mọ̀ láéláé pé afárá yẹn ní òkè. Itan mi ló sọ fún mi. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wá láti apá òsì, ó gbé òórùn omi iyọ̀ àti ti èéfín igi dání, mo sì rí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mẹ́ta tí wọ́n ń padà bọ̀ láti ibi ẹja.

Àlàájì ti wà nísàlẹ̀ afárá tó ń dúró dè mí. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúdú, irin gidi, ó wúwo, ìjókòó ẹ̀ ti dán bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó dé fìlà, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, rọ́bà mẹ́rin tàbí márùn-ún sì wà lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. Mo rò pé ẹ̀gbà ọwọ́ ni. Kí a tó lọ tó ìwọ̀n ilé mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi há sínú ṣéènì, kẹ̀kẹ́ dúró gbágá, èmi náà sì fẹ́ ṣubú. Àlàájì bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ náà fi jáde. Ó yọ rọ́bà kan lọ́wọ́ ẹ̀, ó ká ṣòkòtò mi mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó wé rọ́bà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Rọ́bà tí a fi ń di lẹ́tà nìyẹn," ó ní. "Ìdì àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Tí mo bá ti pín ìdì kan tán, màá fi rọ́bà ẹ̀ sọ́rùn ọwọ́. Tọ́rùn ọwọ́ bá kún, mo mọ̀ pé ilé ti yá."

A wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo bi í ní ìbéèrè ọmọ kíláàsì mi, ó sì dáhùn láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n rántí pé àwọn ará Ìbínní ti fìgbà kan tẹ̀dó sí Èkó, àti pé lédè tiwọn, ìdùmù ni wọ́n ń pe àdúgbò. Èyí ni Yorùbá wá ń gbé lẹ́nu títí dòní: Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò. Nígbà tí a dé iwájú Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ó ní kí n má wo ògiri nìkan, kí n wo ilẹ̀. Oko ata ni wọ́n ní ilẹ̀ yẹn jẹ́ tẹ́lẹ̀, oko Àrómirẹ́, òun ni orúkọ Ìdúngànràn sì ń sọ: ilé orí oko ata. Títí dòní, àwọn ìdílé Ìdẹ́jọ tí wọ́n ni ilẹ̀ kí ọba tó dé ṣì wà láàárín àwọn olóyè onífìlà funfun. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa olóyè onífìlà funfun láti ọjọ́ yìí wá, kò yé mi pé fìlà yẹn àti ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Níbẹ̀ náà ló ti sọ èyí tó ya mí lẹ́nu. Ó ní lọ́jọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, kẹ̀kẹ́ ò gbọ́dọ̀ wọ ibí. Èèwọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù, sálúbàtà ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀, obìnrin ò gbọ́dọ̀ di ṣùkú, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fa sìgá. Ẹni tó bá ṣe é, Ẹ̀yọ̀ á fi ọ̀pámbàtà kí i káàbọ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ọjọ́ Ẹ̀yọ̀ bá kò, òun á fi kẹ̀kẹ́ sílé, òun á sì fi ẹsẹ̀ lásán dé ibi tí òun bá lè dé. Lẹ́tà á dúró de ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Iṣẹ́ ìjọba ni lẹ́tà, síbẹ̀ ó mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà nínú ìlú tó ju iṣẹ́ ìjọba lọ.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe kò jìnnà síbẹ̀. A yà sí kọ̀rọ̀ kan tó tóóró débi pé a ní láti gun kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé kan wà lápá ọ̀tún, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, fèrèsé onígi, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì gbẹ́ sókè ilẹ̀kùn, ó ti ń wó lápá kan. Ó rẹwà lójú mi. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, mo yọ fóònù, mo ń ya fọ́tò. Mo ti ya bíi mẹ́rin kí n tó rí i pé ìyá àgbà kan jókòó sábẹ́ òjìji àtẹ̀gùn, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ.

"Ìwọ orí kẹ̀kẹ́ yẹn, ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," láti ibi tí mo wà.

"Mo ní ọmọ ta ni ẹ́? Ṣé ilé yín ni? Ṣé o rí èèyàn nílẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ògiri?"

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ti dìde lórí bẹ́ǹṣì kan lápá kejì. Àyà mi já. Àlàájì tó ti ṣíwájú ni mo rí tó fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti ògiri. Bàbá tó ti lé ní 70 ọdún, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá yẹn lórí ilẹ̀ kọ̀rọ̀, ó fi àyà kàn án. "Ẹ má bínú sí wa, ìyá. Ọmọ wa ni. Òkè òkun omi ló ti wá." Òkè òkun omi tó ń sọ yẹn, Èbúté Mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ náà sì padà jókòó. Mo sọ̀ kalẹ̀ kíá, mo fi kẹ̀kẹ́ lélẹ̀, mo kúnlẹ̀.

Ìyá wo Àlàájì dáadáa. "Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń mú lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi wá láti London?"

"Èmi ni, ìyá."

"Sítáǹbù pupa."

"Sítáǹbù pupa, ìyá. Ẹ máa ń ní kí n yọ ọ́ fún ọmọ yín."

Ó ní kí wọ́n gbé àga wá. A jókòó níbẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, nínú gbogbo ọjọ́ yẹn sì ni ibi tí mo ti kọ́ nǹkan jù. Ìyá sọ bí wọ́n ṣe kó ìdajì ìdílé wọn kúrò nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin. Mo mọ ìtàn yẹn nínú ìwé: àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó ní 1924, ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, ní 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn erékùṣù, tí wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ìlà mẹ́ta ni lójú pátákó mi. Ìyá ní ọjọ́ tí wọ́n kó wọn, ìyá tó bí ìyá òun kọ̀ láti wọ ọkọ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá òun gbé ọlọ ata. Sùúrùlérè ní ilé tó dáa, ó ní, ó ní yàrá, ó ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ṣùgbọ́n oníṣòwò Jankara ni obìnrin náà, wọ́n sì wá gbé e lọ síbi tó ní láti wọ ọkọ̀ kó tó dé ọjà. Kò pẹ́ tó fi kú. Ìyá ò fi ẹ̀kún sọ ọ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Àlàájì wá sọ pé lẹ́tà àwọn tó kó lọ sí Sùúrùlérè ṣì ń wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó títí di ìgbà tòun. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi ò mọ àdírẹ́sì tuntun, orúkọ agboolé ni wọ́n mọ̀. Òun á gbé lẹ́tà dé agboolé, ẹni tó kù nílé á fi pamọ́ títí di ọjọ́ ìsìnkú tàbí ọdún Iléyá tí ẹni tó ni ín bá wá sílé. Ó ní, "Lẹ́tà ò mọ nọ́ńbà ilé. Orúkọ ló mọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ orúkọ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Nígbà tí a dìde, ìyá fúnra ẹ̀ ló ní kí n ya ilé náà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó tún gèlè ẹ̀ ṣe. Nínú fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà, ilé tó ń wó ni èèyàn máa rí. Nínú èyí tí mo yà gbẹ̀yìn, ilé ìyá náà ni. Mo ti pa mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ́.

Láti ibẹ̀ lọ, mo ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gbogbo. Bí mo bá ti rí àgbàlagbà lójú ilé, màá dá kẹ̀kẹ́ dúró, màá kí wọn, màá tì í kọjá kí n tó tún gùn. Ó fa ìdádúró, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ìdádúró yẹn ni pé kò sẹ́ni tó tún bi wá pé kí la wá ṣe, àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń béèrè owó ilé lọ́wọ́ àlejò sì ń sọ fún wa pé ẹ kú ìrìn.

Olówógbowó àti Apọ́ngbọ̀n, a ò pẹ́ níbẹ̀. Àdúgbò àwọn Sàró ni Olówógbowó, àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n gbé ní Sierra Leone, tí wọ́n wá padà wálé. Apọ́ngbọ̀n ní tiẹ̀, òyìnbó kan ló ni orúkọ yẹn, McCoskry, tó wà nídìí àkóso nígbà tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861. Irùngbọ̀n ọkùnrin náà pọ́n, ni àwọn Èkó bá ń pè é ní Apọ́ngbọ̀n. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo orúkọ yẹn sí mi létí lójoojúmọ́, "Apọ́ngbọ̀n! Apọ́ngbọ̀n wọlé!", mi ò bi ara mi rí pé àgbọ̀n ta ló pọ́n.

Ní Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, Àlàájì wọlé lọ fi orí kanlẹ̀ ráka méjì, mo dúró ti kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó fi owó kọ́ ọ, Mohammed Shitta, ọmọ Sàró tó jẹ́ Mùsùlùmí ni; ẹni tó ya àwòrán ẹ̀, João Baptista da Costa, Agùdà tó ti Brazil dé ni; Súlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì ló sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Mo wo òdòdó sìmẹ́ńtì ojú ògiri ẹ̀, mo rántí òdòdó òkè ilẹ̀kùn ilé ìyá àgbà. Irú ọwọ́ kan náà ni. Mi ò bá má rí i ká ní mi ò jókòó fún wákàtí kan níwájú ti àkọ́kọ́.

Tinúbú ni ọkàn mi ti bàjẹ́. Àlàájì dá kẹ̀kẹ́ dúró, kò wo ibi orísun omi tí àwọn ará Lẹ́bánónì fi ta ìlú lọ́rẹ nígbà òmìnira, kò sì sọ̀rọ̀ nípa Ẹfúnróyè Tinúbú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ojúde náà. Ó nawọ́ sí ibì kan. "Kí ló wà níbẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀?"

Mi ò mọ̀.

"Ilojo Bar."

Mo mọ orúkọ náà. Ilé Agùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba kọ sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Wọ́n wó o ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Àlàájì rántí ọjọ́ náà nítorí ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀la ẹ̀ ni Iléyá, òun ń bọ̀ láti ibi tí òun ti lọ ra àgbò. Ó ní eruku náà dé ojú òun.

Ohun tó dùn mí ni pé mo ti ṣiṣẹ́ nítòsí Tinúbú fún ọdún méjì gbáko kí n tó di tíṣà. Mo ń gba iwájú ilé yẹn kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́, nínú ọkọ̀, pẹ̀lú báàgì lórí itan mi. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, mo ń gbìyànjú láti rántí ojú ilé náà, bí fèrèsé ẹ̀ ṣe rí, àwọ̀ tó wà lára ẹ̀. Kò wá. Fọ́tò tí mo rí nínú ìwé ìròyìn lẹ́yìn tí wọ́n wó o nìkan ló ń wá. Ilé tó wà níbẹ̀ fún ọdún 161, mo kọjá níwájú ẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, mi ò rí i lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó wó o ní ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn. Mo mọ tèmi náà.

A dákẹ́ títí a fi dé Kakawa. Ilé Omi ṣì dúró síbẹ̀, ilé tí João Esan da Rocha kọ́ ní 1885. Ọmọ Iléṣà tí wọ́n jí gbé ní kékeré ni, wọ́n tà á dé Bahia ní Brazil, ó sì padà wá sílé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Kànga inú ọgbà ẹ̀ ni wọ́n ti ń ta omi tó mọ́ fún àwọn ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé, òun ló sọ ilé náà ní orúkọ. Candido ọmọ ẹ̀ lówó débi pé ìyá Àlàájì, tí àwọn ọmọ bá ń béèrè owó jù, á bi wọ́n pé, "Ṣé Da Rocha ló bí yín?" Lọ́tẹ̀ yìí mo wo ilé náà gan-an. Mo ka fèrèsé rẹ̀. Mo dúró títí mo fi lè di ojú kí n sì rí i.

Táyà iwájú mi jò nítòsí Campos. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, kò sí fọkanáísà kankan tó ṣí. Mi ò mú pọ́ǹpù, mi ò mú pátáàsì, mo gbára lé ọ̀rọ̀ fọkanáísà tó ní ó ti yá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìrìn yìí, kó má ṣe bíi tèmi. Àlàájì ní tirẹ̀ nínú àpò kékeré kan lábẹ́ ìjókòó. Ó fi ìdí ṣíbí méjì ṣí táyà, ó fa túbù jáde, ó fẹ́ ẹ. Ó kù omi. Obìnrin kan jáde láti ilé tó kọjú sí wa, ó ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, ó gbé abọ́ omi wá fún wa pẹ̀lú gèlè lórí. Àlàájì ń ri túbù náà bọ omi díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i, gbogbo wa tẹjú mọ́ omi. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, hóhó kékeré kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e, tín-tìn-tín bí ojú abẹ́rẹ́. "Òun nìyẹn," ni obìnrin náà ké, bí ẹni pé túbù tiẹ̀ ni.

Nígbà tí sólúṣọ̀n ń gbẹ, obìnrin náà bá wa sọ̀rọ̀. Agùdà ni ìdílé ọkọ rẹ̀, orúkọ Potogí ni wọ́n ń jẹ́ títí dòní. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń se fùréjọ̀nù lọ́jọ́ Jímọ̀ Rere kí Àjíǹde tó dé: wọ́n á se ẹ̀wà kó rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi àgbọn sè é títí á fi ki, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́. Ó ní ìyá ọkọ òun ò gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ àgbọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin ín. Àwọn ilé tó yí wa ká, Bámgbóṣé lápá kan, Campos lápá kejì, òun ni wọ́n ń pè ní Pópó Agùdà. Ká ní táyà ò jò ni, ìṣẹ́jú márùn-ún la ò bá fi gba ibẹ̀ kọjá.

Freedom Park la parí sí. Ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Láti 2010 ló ti di ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, orí ìtàgé ni báyìí. Ó ti rẹ̀ mí, oòrùn ti mú. Ibẹ̀ yẹ fún ọjọ́ tirẹ̀, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mo wò ó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Mi ò bá Àlàájì dá iye kankan kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo sì kábàámọ̀ ẹ̀, nítorí ó kọ̀ láti gbà á, ó ní òun ò ta ìlú. Mo ní iṣẹ́ ni, àárọ̀ rẹ̀ ni mo gbà, ìmọ̀ ọdún 21 ló sì fún mi. A fa ọ̀rọ̀ náà títí, kí ó tó gbà pé kí n fi ra táyà tuntun fún kẹ̀kẹ́ òun. Ẹni tó bá rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó bá a sọ ọ́ ṣáájú, kó má jẹ́ kí àgbà máa tijú lójú títì.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ ìdùmù sójú pátákó. Ọmọ tó béèrè náà kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, ó tún nawọ́. "Ànǹtí, Ìdó ńkọ́? Ṣé òun náà wà lára wọn?"

Mo pe Àlàájì ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí aago méje má bá mi lórí afárá, kí n sì mú pọ́ǹpù mi dání. Ó ní ìyá àgbà béèrè mi. Rọ́bà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi.